Báwo ni mo ṣe lè ya ilé àti igbó pọ̀, kó má kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ ara ògiri?

Ọ̀dàtútù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń ya ilé ìgbàlódé pẹ̀lú ohun tó ń hù, tó ń rìn, tó ń fò níta. Mo ti ya mọ́kànlá. Mẹ́wàá nínú wọn kò tẹ́ mi lọ́rùn: òdòdó nínú ìkòkò, ewé lẹ́bàá àga, koríko lójú fèrèsé. Wọ́n dùn ún wò, àmọ́ wọn ò sọ nǹkan kan fún mi.

Ìkọkànlá nìkan ni kò kúrò lọ́kàn mi. Èèrà ló fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí wọn tí wọ́n tò gbọọrọ láti abẹ́ fèrèsé, wọ́n tọ àlàfo àárín táìlì, wọ́n wá wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tó wà nísàlẹ̀ ògiri. Mo jókòó sílẹ̀, mo fi pẹ́ńsù ya ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀. Nígbà tí mo parí, ilé mi náà ni mo rí lójú bébà, àmọ́ bí èèrà ṣe mọ̀ ọ́n ni: kò sí ilẹ̀kùn, kò sí yàrá, àfi ihò àti àlàfo.

Ta ló ti ṣe irú èyí rí, tí mo lè wo iṣẹ́ rẹ̀?

Kọ́lékọ́lé:
Ẹ wo Fallingwater, ilé tí Frank Lloyd Wright ya àwòrán rẹ̀ ní 1935, ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún un rò pé òdìkejì ni ilé máa wà, káwọn lè máa wo omi tó ń já láti òkè. Orí omi yẹn gan-an ló kọ́ ọ lé. Àpáta tó bá níbẹ̀, kò fọ́ ọ. Ó jẹ́ kó yọrí láàárín ilẹ̀ pálọ̀. Omi sì gbẹ̀san o: ilé náà ń jò, pèpéle rẹ̀ ń tẹ̀ wálẹ̀, títí wọ́n fi fi okùn irin fà á le ní 2002. Lójú tèmi, ibi tó ń jò yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ yà.

Arẹwà_Ewé:
Ẹ má tíì ju ìkòkò òdòdó nù. Ewé tó wà nínú ilé kì í dúró gbagidi, ó ń yí sí ibi tí fèrèsé wà. Ẹ ya yíyí yẹn.

Ojú_Kámẹ́rà:
Ní New York, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Walter De Maria kó iyẹ̀pẹ̀ kún inú ilé kan ní 1977: ó ga tó 56 sẹ̀ǹtímítà, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n sì ń tún ojú rẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n Abelardo Morell, ayafọ́tò, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Láti 1991 ló ti ń sọ yàrá di kámẹ́rà. Èmi náà dán an wò. Mo fi ọ̀rá dúdú dí fèrèsé pátápátá, mo lu ihò kan tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ. Mo dúró nínú òkùnkùn títí ojú mi fi là. Igi ìta wà lára kọ́bọ́ọ̀dù mi, ó dorí kodò, ojú ọ̀run wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Afẹ́fẹ́ fẹ́ níta, ewé mì lára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ kì í tẹ̀, ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀: èyí tó bá ti òkè igi wá, tó gba ihò kọjá, ìsàlẹ̀ ògiri ló ń bọ́ sí. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀dàtútù:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti dí fèrèsé tèmi láàárọ̀ yìí. Ìdí igi ló wà lókè lọ́hùn-ún nítòsí àjà, orí rẹ̀ wá bọ́ sí ẹ̀bá sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn gẹ́lẹ́. Bí mo bá fojú sún mọ́ ọn, mo ń rí èèrà tí wọ́n ń gba àárín ewé kọjá. Mo ti lẹ bébà mọ́ ògiri, mo ti ń yà á lọ. Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí ẹ̀, oòrùn ti ń sún.