Tacoma mi ń mísì, P0300 àti P0016 kò sì lọ pẹ̀lú gbogbo sẹ́ńsọ̀ tí a ti pààrọ̀

Oníṣu Ṣakí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá síwájú yín. Toyota Tacoma ọdún 2008 ni, tòkunbọ̀, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 2TR-FE oní lítà 2.7. Iṣu ni mo fi ń kó láti Ṣakí lọ sí Bódìjà n'Íbàdàn, ibẹ̀ ni owó oúnjẹ ilé wa ti ń wá.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ṣéènì táímìn máa ń pariwo láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná ọkọ̀. Mẹkáníìkì kan bá mi pààrọ̀ ṣéènì náà. Ariwo lọ lóòótọ́, àmọ́ láti ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì ti ń gbọ̀n tí mo bá dúró láìtẹná. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn tí mo sì ń gun òkè, á máa jẹ́kì, agbára rẹ̀ á wálẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Epo tó ń mu báyìí kì í ṣe díẹ̀.

A ti skáàn án. Kóòdù méjì ló gbé jáde: P0300, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì ń mísì, epo kì í jó bó ṣe yẹ nínú àwọn síléńdà rẹ̀, àti P0016. Rìwáyà ní sẹ́ńsọ̀ káàmù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù lókè ẹ́ńjìnnì, ni, a pààrọ̀ rẹ̀, kò lọ. Ó ní ó ní láti jẹ́ sẹ́ńsọ̀ kráńkì, ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí àwọn písítìn ń yí, a pààrọ̀ ìyẹn náà, kò lọ. Púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tuntun ni. Ní báyìí, ó ní bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló kù, iye tó sì pè é ju èrè iṣu mi lóṣù kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó kó owó yìí sílẹ̀, kí ló yẹ kí n yẹ̀ wò?

Ìyá Ìbejì Ọlọ́kọ̀-Ẹrù

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ẹ má tíì sanwó bréènì bọ́ọ̀sì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ fa epo díẹ̀ nínú táǹkì sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, á lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i. Ọkọ̀ tèmi kan mísì títí nítorí epo tó lómi nínú. Kò ná wa lówó púpọ̀ láti fi mọ̀.

Mẹkáníìkì Abẹ́òkúta

Ọ̀gá oníṣu, ẹ kú ìnáwó. "Láti ìgbà náà" tí ẹ kọ síbẹ̀ ni mo dì mú. Ọkọ̀ tí kò gbọ̀n kí wọ́n tó tú ṣéènì rẹ̀, tó wá ń gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n dè é, ibi tí ọwọ́ kàn gbẹ̀yìn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé P0016, torí òun ló ń jẹ owó àwọn èèyàn jù. Ṣéènì táímìn ló so kráńkì àti káàmù pọ̀; kráńkì máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí káàmù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ kan ń ka eyín àwo tó ń bá kráńkì yí nísàlẹ̀, èkejì ń wo káàmù lókè. Bréènì bọ́ọ̀sì á wá gbé ohun tí àwọn méjèèjì sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n dà bí ẹni méjì tó ń gúnyán nínú odó kan: bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ pẹ́, ọmọ odó á kọlura. Nígbà tí bréènì bọ́ọ̀sì bá rí i pé káàmù kò sí níbi tó yẹ kó wà nígbà tí kráńkì dé ibi tirẹ̀, á kọ P0016. Bí sẹ́ńsọ̀ kráńkì bá kú, P0335 la sábà máa ń rí. Bí ti káàmù bá kú, P0340 ni. Ẹ kò rí ìkankan nínú méjèèjì yìí kí wọ́n tó ní kí ẹ ra sẹ́ńsọ̀. Àwọn sẹ́ńsọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ròyìn ohun tí wọ́n rí.

Ohun tó lè fà á lára ẹ́ńjìnnì yín: ó lè jẹ́ pé wọ́n de ṣéènì kó fò ní eyín kan. Ó lè jẹ́ pé tẹnṣọ́nà kò fa ṣéènì le tó. Ó sì lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ọ́ìlì ti há fáàfù VVT-i, èyí tó ń fi ọ́ìlì yí ipò káàmù padà, tí káàmù kò fi lè padà síbi tó yẹ kó wà. Ti àkọ́kọ́ ni ọkàn mi lọ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ yọ kọ́ìlì, ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí ná. Kí ẹni tó ní skánà wo síléńdà tó ń mísì jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ kejì, ẹ gbé kọ́ìlì rẹ̀ sórí ẹ̀kẹrin, kí ẹ gbé ti ẹ̀kẹrin sórí rẹ̀. Bí mísì náà bá tẹ̀lé kọ́ìlì lọ, ẹ ti rí i. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, tàbí tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń mísì bákan náà, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀.

Rìwáyà Ọ̀ṣogbo

Ọ̀gá Abẹ́òkúta, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ṣéènì, àmọ́ kí a má fi gbogbo ẹjọ́ dá rìwáyà lẹ́bi. Mo ti rí ọkọ̀ tí wáyà sẹ́ńsọ̀ kráńkì rẹ̀ ń ha ara irin títí ara rẹ̀ fi bó, tó sì ń ju irú kóòdù yìí. Nígbà tí wọ́n bá tú iwájú ẹ́ńjìnnì fún ṣéènì, wáyà yẹn wà lára ohun tí wọ́n máa ń fà síbí fà sọ́hùn-ún. Bàbá, ẹ ní kí wọ́n tọpa wáyà náà láti orí sẹ́ńsọ̀ dé ibi tó ti wọnú àpapọ̀ wáyà. Kí wọ́n tún wo wáyà áàtì tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì, bóyá wọ́n gbàgbé láti dè é padà.

Ohun kejì tí mo fẹ́ bi yín: ṣé ojúlówó ni sẹ́ńsọ̀ méjèèjì tí ẹ rà? Ṣé àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín? Bí wọ́n bá wà, ẹ má sọ wọ́n nù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni mo ń ṣe níbí, Tacoma sì pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Bàbá oníṣu, ọ̀rọ̀ iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn tó dúró, ẹ ṣì lè rọra wà á dé ilé. Bó bá ń ṣẹ́jú, mísì náà ti le débi pé epo tí kò jó ń lọ jó nínú kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, ó sì lè yọ́ inú rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì yọ kátálíìsì ọkọ̀ yín, ẹ má fi ẹrù gun òkè mọ́ títí a ó fi rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá ti ń ṣẹ́jú, ẹ dín bí ẹ ṣe ń tẹná kù lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ti kọ́ìlì tí ọ̀gá wí, àyẹ̀wò méjì wà tí kò béèrè pé ká tú ẹ́ńjìnnì. Èkíní ni ti fáàfù ọ́ìlì VVT-i. Ẹ ṣíná ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná, kó wà láìtẹná. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì fáàfù náà, kí ẹ fún fáàfù ní iná bátìrì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbọ̀n gan-an tàbí kó kú. Tí ẹ bá gbé iná kúrò, kó padà bọ̀ sípò. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, fáàfù ti há tàbí ọ̀nà ọ́ìlì ti dí. Bó bá yàtọ̀ bó ṣe yẹ, ẹ fi fáàfù sílẹ̀.

Èkejì ni géèjì fákúùmù, tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ tó. Ẹ so ó mọ́ máníífóòdù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó péye, tó gbóná, tó wà láìtẹná, sábà máa ń fi nǹkan bí 17 sí 21 ínǹṣì hàn, abẹ́rẹ́ á sì dúró jẹ́ẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n tó wà nísàlẹ̀ iye yẹn, káàmù tó pẹ́ lẹ́yìn ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ń gbọ̀n tó sì ń já wálẹ̀ lóòrèkóòrè, síléńdà kan pàtó ló ní ìṣòro. Mo fẹ́ràn géèjì yìí ju ọ̀pọ̀ ohun ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ, torí kì í parọ́, kò sì wọ́n.

Oníṣu Ṣakí

Ọlọ́run á bù sí ọgbọ́n yín o. Mo wá mẹkáníìkì mìíràn tó ní géèjì, mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún un.

Epo kò lómi, Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé gan-an. Lójú skánà, kò sí síléńdà kan tó yọrí, gbogbo wọn ló ń mísì díẹ̀díẹ̀. A pààrọ̀ ipò kọ́ìlì, nǹkan kan kò yí padà. A fún fáàfù VVT-i níná, ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, a gbé iná kúrò, ó padà sípò. Géèjì fákúùmù fi 14 hàn, abẹ́rẹ́ kò sì mì rárá. Kọ̀mpúrẹ́ṣàn, bí síléńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, súnmọ́ra nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wáyà áàtì wà níbẹ̀ dáadáa, wáyà sẹ́ńsọ̀ kráńkì kò bó.

Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ méjèèjì ṣì wà nínú ọ̀rá nílé. Èyí tuntun, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ojúlówó ni. Owó rẹ̀ kéré.

Mẹkáníìkì Abẹ́òkúta

Pẹ̀lú 14 tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mì yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì tó bo orí ẹ́ńjìnnì. Kò ní ju kí ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ.

Kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ́ńjìnnì lè rọ̀ láti fọwọ́ yí. Kí wọ́n fi sípánà yí bóòtù iwájú kráńkì sí apá ibi tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí nìkan. Ẹ má gbà kí wọ́n yí i sẹ́yìn, torí ṣéènì lè dẹ̀ níbẹ̀ kó sì fò. Kí wọ́n máa yí i títí àmì ara púlì ìsàlẹ̀ yóò fi bá 0 tó wà lára kọ́fà iwájú mu. Kí wọ́n wá wo ojú káàmù ti síléńdà kìíní. Bó bá ń tẹ fáàfù, kí wọ́n fi odidi yíyí kan kún un kó tún padà dé 0. Nígbà náà ni kí wọ́n wo àmì ara jíà káàmù méjèèjì lókè.

Ohun kan ń da ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ láàmú níbí. Ṣéènì ní ojú tí wọ́n kùn ní àwọ̀ mìíràn, tí a fi ń tò ó nígbà tí a bá ń fi í sí i. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti yí, ojú wọ̀nyẹn kò ní bá àmì mu mọ́, àfi kó yí lọ́pọ̀ ìgbà kí wọ́n tó tún pàdé. Ìyẹn kì í ṣe àléébù. Àmì ara jíà àti ti púlì ni kí wọ́n fi ṣẹ̀rí.

Bí wọ́n bá rí i pé ó fò, kí wọ́n so ṣéènì mọ́ òkè kó má baà jábọ́ sísàlẹ̀, kí wọ́n dẹ tẹnṣọ́nà, kí wọ́n tún jíà tò. Ẹ́ńjìnnì yìí tún ní ṣéènì kejì tó ń yí ọ̀pá tó ń dín gbígbọ̀n kù. Kí wọ́n má fọwọ́ kàn án láìnídìí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, kí wọ́n fọwọ́ yí kráńkì lẹ́ẹ̀mejì pípé kí ẹnikẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Bó bá kọlu ohun kan nínú tí kò yí mọ́, kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí wọ́n má fagbára yí i. Fáàfù tó bá kọlu písítìn, owó rẹ̀ kọjá ti bréènì bọ́ọ̀sì.

Oníṣu Ṣakí

Ẹ̀yin ará, jíà káàmù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé ló fò ní eyín kan. Ojú èmi náà rí i: púlì wà lórí 0, àmì jíà kan bára mu, èkejì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti tún un tò. Géèjì ti gun orí 19, gbígbọ̀n ti lọ, wọ́n pa kóòdù rẹ́, P0016 kò padà wá.

Àmọ́ nǹkan tuntun dé. Bí mo bá ti wà á títí tó gbóná dáadáa, á kàn kú lójijì lójú ọ̀nà. Tí mo bá jẹ́ kó tutù, á tún gbà. P0335 ló ń gbé jáde báyìí. Ṣé ohun tí wọ́n tú ló fà á ni?

Rìwáyà Ọ̀ṣogbo

Rárá, bàbá. Sẹ́ńsọ̀ kráńkì tí kò wọ́n yẹn ni. Inú irú rẹ̀ sábà máa ń gé tí ooru bá mú un, á tún so pọ̀ tó bá tutù. Kóòdù náà ti sọ orúkọ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ fi ti àtijọ́ padà, ẹ nu ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó gbẹ kí ẹ tó kì í bọlé. Ti káàmù náà, bí mo bá wà nípò yín, n ó fi ti àtijọ́ rẹ̀ padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston

Mo fara mọ́ rìwáyà. Ẹ kọ́kọ́ wà á láìkó ẹrù títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ tún skáàn án. Bí kò bá sí nǹkan, ẹ di ẹrù ìdajì kí ẹ fi gun òkè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo bóyá kátálíìsì kò tíì dí látàrí epo tó ti jó nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń fa dáadáa nígbà tí ẹ bá tẹná gidi, kò tíì dí.

Oníṣu Ṣakí

Mo ti fi sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ méjèèjì padà. Mo kó iṣu kún un láti Ṣakí dé Bódìjà lánàá, kò kú, kò jẹ́kì, iná kankan kò tàn, ó sì fa dáadáa lórí gbogbo òkè. Owó bréènì bọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀nà oúnjẹ yín dí.

Ìyá Ìbejì Ọlọ́kọ̀-Ẹrù

Inú mi dùn púpọ̀, bàbá. Ọ̀gá Abẹ́òkúta, ẹ ṣàánú tèmi náà. Hilux wa kan ń gbé P0011. Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ṣéènì rẹ̀ rí, ọ́ìlì rẹ̀ ni wọn kì í tètè pààrọ̀. Ṣé ṣéènì náà ni?

Mẹkáníìkì Abẹ́òkúta

Ẹ má tíì lọ síbẹ̀, màmá. P0011 ń sọ pé káàmù wà níwájú ju ibi tí bréènì bọ́ọ̀sì ní kó wà lọ. Pẹ̀lú ọ́ìlì tí wọn kì í tètè pààrọ̀, fáàfù VVT-i ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ wo bóyá ìdọ̀tí ti há a, kí ẹ fọ àsẹ́ ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, ẹ pààrọ̀ fíltà, irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ náà sọ ni kí ẹ rọ sí i. Kí wọ́n pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wà á. Bó bá padà wá, ẹ fún fáàfù níná bí ọmọ Houston ṣe ṣàlàyé fún bàbá, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa níbí.