Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ travel trailer: báwo lẹ ṣe ń táìtì tiyín tí kì í fi í dẹ̀ lọ́nà?

OmoIjesa_Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra travel trailer, ilé kékeré tí wọ́n ń fi pick-up fà yẹn, tokunbọ̀ ni ṣá, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, méjì lápá kan méjì lápá kejì, axle ẹ̀ (irin ìdábùú tó so àwọn ẹsẹ̀) ti iléeṣẹ́ Dexter ni, rímù ẹ̀ aluminium, ínǹṣì 15. A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Garner State Park létí odò Frio tí wọ́n bá ti gba họ́lídè. Ẹni tó tà á fún wa wá ní kí n tó fà á bọ́ sọ́nà kí n táìtì nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa, kí n sì tún máa dúró lọ́nà yẹ̀ ẹ́ wò. Ti dídúró lọ́nà yẹn ló yà mí lẹ́nu. Ní Iléṣà tí mo dàgbà sí, tí fọganáísà bá ti ki wheel spanner bọ nọ́ọ̀tì, tó gun orí ẹ̀, tó fò lẹ́ẹ̀mejì, ó parí nìyẹn, ó di ọjọ́ tí táyà bá tún jò ká tó wo ibẹ̀. Torque wrench tí wọ́n ní kí n rà yìí, spanner tó ń wọn agbára tá a fi ń yí nọ́ọ̀tì, tó máa ń dún kọ́ tó bá ti dé nọ́ńbà tá a sẹ́ẹ̀tì, ṣé dandan ni àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi ni? Nọ́ńbà wo ni mo máa sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sí? Ṣé kí n fi ọ́ìlì díẹ̀ sí bóòtù kó má baà le láti tú lọ́jọ́ tí táyà bá bẹ́? Ẹ dákun ẹ là mí lọ́yẹ, mi ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ mọ́ mi lọ́wọ́ lórí I-10 pẹ̀lú ọmọ nínú ọkọ̀.

BabaMekaniki_Dallas:
Àbúrò, kú oríire. Dandan ni torque wrench o, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kó o rí i. Ohun tí Dexter kọ sínú ìwé wọn fún bóòtù ìlàjì ínǹṣì lórí rímù 15 ni 90 sí 120 ft-lb (ìwọ̀n agbára yíyí, pọ́n-ùn lọ́nà gígùn spanner ní ẹsẹ̀ bàtà). Ó dáa, fọganáísà Iléṣà yẹn, ká ní ó wọn 180 pọ́n-ùn, kí spanner ẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, tó bá kàn dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀ láìfò rárá, 270 nìyẹn. Wá lọ fi fífò kún un. Bóòtù tó bá jẹ irú ìyà yẹn á nà kọjá ibi tó lè padà sí, ó lè má já lójú ẹsẹ̀ o, ọjọ́ tó máa já lo ò mọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé bóòtù gan-an ní láti nà díẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Bíi rọ́bà tí wọ́n fà ló rí, ó fẹ́ sún padà, sísún tó fẹ́ sún padà yẹn ló ń fún rímù mọ́ hub (irin àárín tí wọ́n ń de ẹsẹ̀ mọ́) pinpin tí ìkan ò fi lè yọ̀ lára ìkejì. Tí o ò bá fún un tó, rímù á máa jó lára hub, ihò ẹ̀ á máa fẹ̀, bóòtù á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Tó o bá fún un jù, bóòtù á kú. Àárín méjèèjì yẹn lo ń wá, ọwọ́ lásán ò sì lè sọ fún ẹ, ọwọ́ tèmi náà tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ ò lè sọ.

Bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Má tú trailer kúrò lára pick-up, ki igi dí táyà ẹ̀gbẹ́ kejì níwájú àti lẹ́yìn. Má fi jáàkì gbé e lábẹ́ axle o, páìpù inú ẹ̀ ò nípọn, ó lè tẹ̀, abẹ́ férémù ni kó o fi sí. Fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà nu bóòtù àti ojú hub kó mọ́ kó sì gbẹ. Ọwọ́ ni kó o fi kọ́kọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé, torí tó bá wọlé ní wíwọ́ tó o sì fi irin tẹ̀ ẹ́, o ti ba téèdì (ìlà yíyípo ara bóòtù) jẹ́. Lẹ́yìn náà sẹ́ẹ̀tì wrench sí 20 tàbí 25, lọ yí ká, tún gbé e sí 50 tàbí 60, lọ yí ká, ìgbà ìkẹta lo wá tó gbé e sí nọ́ńbà tó pé. Má tò ó tẹ̀ léra o! Tí nọ́ọ̀tì bá jẹ́ márùn-ún, máa fo ìkan mú èyí tó tẹ̀ lé e, tó bá jẹ́ mẹ́fà, èyí tó dojú kọ ọ́ lódìkejì ni kó o bọ́ sí. Tó o bá tò ó yípo, ẹ̀gbẹ́ kan á kọ́kọ́ lẹ̀, rímù á jókòó ní wíwọ́, wrench á sì máa dún kọ́ lórí gbogbo ẹ̀ bí ẹni pé ó dáa. Yípo kìíní, fi ẹsẹ̀ sókè ṣe é kí rímù lè jókòó sáàárín, èyí tó kẹ́yìn, jẹ́ kí táyà ti kanlẹ̀ kó má baà máa yí mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Ọ́ìlì kọ́, gírísì kọ́. Gbígbẹ ni.

Ade_Atlanta:
Bàbá, ẹ máà bínú o, mo ń fi anti-seize (nǹkan bíi gírísì tí kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ra) sí tèmi látọjọ́ tó ti pẹ́, kò sóhun tó ṣe é, ó sì máa ń tú wẹ́rẹ́. Ìpẹtà tí winter máa ń fi sára bóòtù níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀ ní Chicago, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ ò ní ní ká má fi nǹkan sí i.

BabaMekaniki_Dallas:
@Ade mi ò bínú. Ṣùgbọ́n gbọ́ ìdí ẹ̀. Agbára tó o fi ń yí nọ́ọ̀tì, tá a bá pín in sí mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ ni ìhá (bí irin ṣe ń ha ara wọn) téèdì àti ìhá abẹ́ nọ́ọ̀tì ń jẹ, bí ìdá kan péré ló ń na bóòtù. Nọ́ńbà inú ìwé, wọ́n ti ṣírò ìhá yẹn mọ́ ọn, bóòtù gbígbẹ ni wọ́n fi ṣírò. Ìwọ wá fi nǹkan tó ń yọ̀ sí i, ìhá dín kù, wrench á dún kọ́ ní 110 bó ṣe máa ń dún, bóòtù á sì ti nà bí ẹni pé o fi nọ́ńbà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa yí i. Ẹlòmíì lè ní kó o dín nọ́ńbà kù, ta ló máa wá sọ iye tó o máa dín fún ẹ? Tó bá jẹ́ ìpẹtà lo ń bẹ̀rù, ẹ̀yìn rímù níbi tó ti kan àárín hub, o lè fi díẹ̀ síbẹ̀, kó má ti dé ara téèdì àti ojú ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó lé.

IyaIbeji_Katy:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ tán lórí bí wọ́n ṣe ń fún un, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà torí èmi ni mo máa ń wa tiwa, ọkọ mi máa ń sùn ni. Ìdí tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ dúró ni pé rímù tuntun tàbí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, pàápàá aluminium, kì í tíì jókòó tán, ọ̀dà àti ìdọ̀tí tó wà láàárín òun àti hub á máa lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, tó bá ti lẹ̀ bí irun lásán báyìí, bóòtù ti dẹ̀ nìyẹn. Dexter náà sọ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn máìlì 10, lẹ́yìn 25, àti lẹ́yìn 50, bẹ́ẹ̀ náà nígbàkígbà tí wọ́n bá yọ ẹsẹ̀. Tiyín rọrùn, ẹ̀ ń gba I-10 lọ sápá San Antonio: ẹ kọ́kọ́ yà síbi kan kẹ́ ẹ tó jáde nínú Houston, ẹ dúró ní Buc-ee's (ilé epo ńlá) ti Katy (wọn kì í gba tírélà ńlá síbẹ̀ ṣùgbọ́n àyè wà fún irú tiwa), ẹ tún dúró ní àgbègbè Sealy. Àwọn ọmọ á ti fẹ́ tọ̀ nígbà yẹn náà, torí náà kò sí àkókò tó ṣòfò.

Ẹ tún mọ̀ pé trailer ò dà bíi mọ́tò. Tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá lúùsì ẹ máa gbọ́ ọ lára sítíárìn, ti trailer wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ lè má mọ nǹkan kan títí ẹni tó wà lẹ́yìn yín á fi máa fun fèrè. Àti pé ẹsẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra yẹn, tẹ́ ẹ bá ń fi rìfáàsì wọ ibi tó há ní campsite, fífà ni wọ́n máa ń fa táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ máa rí ojú ipa ẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, wàhálà yẹn, ara bóòtù ló ń lọ. Ẹ wò ó tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa bọ̀ nílé náà. Ẹ má sì sáré ju 65 lọ, àwọn táyà kan wà tí wọ́n kọ ST (táyà trailer) sí lára tí wọn ò ṣe fún eré tó ju bẹ́ẹ̀.

EkoToKent:
Ẹ n lẹ́ o. Ní UK níbí caravan la máa ń pè é, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ ní nọ́ọ̀tì, bóòtù olórí ni wọ́n ń yí wọnú hub tààrà, nọ́ńbà tiwa sì yàtọ̀ torí náà mi ò ní kó o bá wa lò ó. Nǹkan kan ni mo fẹ́ kó o ṣọ́: ojú méjì ló máa ń wà lára wrench, ft-lb lápá kan, Nm (ìwọ̀n agbára yíyí ti àwọn tó ń lo mítà) lápá kejì. Tó o bá fẹ́ 100 ft-lb tó o wá ṣèèṣì wo apá Nm, 74 ft-lb péré lo fún un yẹn, á sì dún kọ́ dáadáa fún ẹ o, kò ní sọ pé o ṣì í.

OmoIjesa_Houston:
Áà, ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á bù kún ìmọ̀ yín. Mo ti paṣẹ wrench. Ìbéèrè méjì ló kù: àwọn ṣọ́ọ̀bù táyà tó ń fi ìbọn atẹ́gùn yí i ńkọ́, ṣé kí n gbà fún wọn? Tí mo bá sì dúró lọ́nà, ṣé kí n kọ́kọ́ tú u ni kí n tó tún un fún?

BabaMekaniki_Dallas:
Ìbọn yẹn, jẹ́ kí wọ́n fi tú u, kí wọ́n fi yí i wọlé díẹ̀, kí wọ́n fi wrench parí ẹ̀ lójú ẹ. Tí wọ́n bá ní àwọn ti parí ẹ̀ kó o tó dé, tú u nílé kó o tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, torí o ò lè fi wrench mọ èyí tí wọ́n ti fún jù, gbogbo ẹ̀ ni wrench máa dún kọ́ lé lórí.

Tó o bá dúró lọ́nà, má tú nǹkan kan. Gbé wrench sórí ẹ̀ ní nọ́ńbà tó pé, fà á jẹ́jẹ́, tó bá ti dún kọ́ láìyí, ó wà bó ṣe yẹ, má tún un fà lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá yí díẹ̀ kó tó dún kọ́, ìyẹn ló lẹ̀ yẹn, kò burú. Èyí tó bá ń yí ní gbogbo ìgbà tó o bá dúró, tàbí tó o bá rí ìpẹtà tó ń ṣàn bí omi láti abẹ́ ẹ̀, má fún un mọ́, yọ ẹsẹ̀ yẹn, wo ihò rímù àti téèdì. Tí ihò bá ti gùn, rímù yẹn ti lọ, àwọn bóòtù hub yẹn náà, gbogbo wọn ni kó o pààrọ̀, kì í ṣe èyí tó bàjẹ́ nìkan. Tó o bá sì ti ṣe é tán, máa dá wrench yẹn padà sí nọ́ńbà tó kéré jù lára ẹ̀ kó o tó tì í sápótí, má sì fi tú nọ́ọ̀tì láé, ra breaker bar (irin gígùn tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì tó le) fún ìyẹn.