Èsì láàbù méjì lórí ọyàn màmá mi, wọn ò bára mu

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún màmá mi. Èsì àkọ́kọ́ ò ju ìlà mẹ́rin lọ: jẹjẹrẹ ni, ER (ohun tó ń gba họ́mọ̀nù estrogen nínú jẹjẹrẹ) ò sí. Kò sọ bó ṣe tóbi tó, kò dárúkọ kókó abíyá rárá. Láàbù kejì ní ER wà. Dókítà ní èyí tó bá jóòótọ́ ló máa sọ bóyá kí wọ́n lo tamoxifen, oògùn tó ń dí ER lọ́nà. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Bọ̀dá Láàbù: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ẹ má tíì mú ìkankan. Nígbà tí wọ́n gé ọyàn náà, inú kí ni wọ́n kó o sí, ìgbà wo ló sì dé láàbù?

Ìyá Ìbejì: Èmi gan-an ni mo gbé e. Ó há sínú ike kékeré pinpin, omi inú rẹ̀ ò ju ká fi rẹ ìka lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, láàbù ti tì. Mọ́ńdè ni wọ́n tó gbà á.

Bọ̀dá Láàbù: Háà! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, kò sẹ́ni tó sọ fún yín. Láàárín wákàtí kan ló yẹ kí wọ́n ti la ọyàn náà, kí wọ́n rì í sínú formalin (omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́) tó tó ìlọ́po 10 rẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 6 sí 72. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú rẹ̀ á ti máa bàjẹ́, ER tó wà níbẹ̀ ò sì ní hàn mọ́. Ṣé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ? Ẹ wá búlọ́ọ̀kù ìyẹn, ẹran tí wọ́n dì sínú ìda. Ẹran kékeré tètè ń mu formalin. Kí wọ́n tún ER ṣe lórí rẹ̀, kí wọ́n sì wo ara ọyàn tó dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí ìyẹn náà ò bá gba àwọ̀ tí wọ́n fi ń wá ER rárá, àyẹ̀wò ló kùnà.

Ìyá Tíwà: Ọmọ mi, Ọlọ́run á wo màmá sàn. Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá. Má gba èsì tí ò kọ bó ṣe tóbi tó ní mílímítà, gíréèdì rẹ̀ (bó ṣe le tó), bóyá etí ibi tí abẹ gbà mọ́, tí kò ní jẹjẹrẹ, iye kókó abíyá tí wọ́n yẹ̀ wò àti iye tó ní àrùn, ER, PR (èyí tó ń gba họ́mọ̀nù progesterone) àti HER2 (purotéènì tó ń mú jẹjẹrẹ dàgbà). Kí wọ́n kọ iye ìdá ER nínú 100, torí láti 1 sókè ni wọ́n ń pè é ní ó wà. Bí HER2 bá jẹ́ 2+, ìyẹn ni pé kò tíì dájú, àyẹ̀wò ò tíì parí nìyẹn o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo ti pe ibi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gé e. Wọ́n ní búlọ́ọ̀kù náà ṣì wà. Ilẹ̀ á mọ́ bá mi lọ́nà ibẹ̀ lọ́la.