Òwe 13:24 àti títọ́ ọmọ láìfi ìyà jẹ ẹ́: kí ló kù tí pàṣán bá kúrò?

Bàbá_Bàrígà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ méjì ló wà nílé wa, ọ̀kan ọdún mẹ́rin, èkejì ọdún méje. Èmi àti ìyàwó mi ti fẹnu kò pé a ò ní na àwọn ọmọ mọ́, a ò sì ní ní kí wọ́n kúnlẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Kí ni ká wí tí wọ́n bá ń ka Òwe 13:24 sí wa létí ní kíláàsì Bíbélì, "ẹni tí ó bá fa ọwọ́ pàṣán sẹ́yìn, ó kórìíra ọmọ rẹ̀"? Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀pá olùṣọ́-àgùntàn lásán ni pàṣán yẹn? Èkejì ló le jù: tí pàṣán bá kúrò, kí ló kù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ẹ ṣáà máa gbàdúrà" dá mi lóhùn, a ń gbàdúrà. Ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ ṣe ni mò ń bi yín. Màmá mi náà ń gbé pẹ̀lú wa.

Akàwé_Yábà

Bàbá, ẹ kú ìrònú. Ti Bíbélì ni màá mú, àwọn tó ń bá ọmọ ṣiṣẹ́ á mú ìyókù.

Shevet ni ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀. Òun náà ló wà ní Sáàmù 23:4, níbi tí Bíbélì Yorùbá ti pè é ní ọ̀gọ: "ọ̀gọ rẹ àti ọ̀pá rẹ". Ibẹ̀ làwọn kan ti ń sọ pé olùṣọ́ kì í fi ọ̀pá na àgùntàn, pé Òwe ò sọ̀rọ̀ nínà rárá. Ẹ má gba ọ̀nà yẹn, kò ní gbé yín dé ibi kankan. Shevet kan náà ni Ẹ́kísódù 21:20 pe ọ̀pá téèyàn fi lu ẹrú pa, Òwe 23:13 sì lo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí lílù gan-an. Ẹni tó bá gbọ́ Hébérù díẹ̀ á dójú tì yín láàárín kíláàsì.

Ìdajì kejì ẹsẹ náà ni kẹ́ ẹ dì mú. Bíbélì Yorùbá ní "ẹni tí ó fẹ́ ẹ a máa tètè nà án". "Nà" ò sí níbẹ̀ ní Hébérù. Musar ló wà níbẹ̀, ìyẹn ìbáwí, ìtọ́ni. Òun náà ni Òwe 1:8 fi pe ẹ̀kọ́ tí baba ń fi ẹnu kọ́ ọmọ. Ẹ tún wo irú ọmọ tí ìwé Òwe ń bá sọ̀rọ̀ láti orí 1 dé orí 7: ẹni tí ọlọ́ṣà lè tàn lọ sójú ọ̀nà, tí obìnrin àjèjì lè fà wọlé lálẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó da gàrí sílẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Nínú Májẹ̀mú Tuntun ńkọ́? Agbára tí òfin Róòmù fún baba lórí ọmọ pọ̀ gan-an láyé ìgbà yẹn. Ìkìlọ̀ ni Pọ́ọ̀lù fún baba, ní Éfésù 6:4 àti Kólósè 3:21: ẹ má mú wọn bínú, kí wọ́n má baà rẹ̀wẹ̀sì. Kò dárúkọ ọ̀pá fún ọmọ níbì kankan. Kódà ní 1 Kọ́ríńtì 4:21, ọ̀tọ̀ ló gbé ọ̀pá sí, ọ̀tọ̀ ló gbé ìfẹ́ àti ẹ̀mí tútù sí, ó ní kí wọ́n mú ọ̀kan. Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà ní 1 Jòhánù 4:18: "ìbẹ̀rù ní ìyà nínú". Ìyà ni Yorùbá pè é, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì ibẹ̀, kolasis. Jòhánù ní ìfẹ́ tó pé a máa lé ìbẹ̀rù náà jáde.

Alàgbà_Mushin

Akàwé, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ ti fo Hébérù 12:6. "Ẹni tí Olúwa fẹ́, òun ni í báwí, a sì máa nà olúkúlùkù ọmọ tí ó gbà." Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ń nà. Ta ni wá? Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni fi kóbókò dá egbò sí ọmọ lára o. Ṣùgbọ́n ẹ jáde sí abẹ́ afárá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ wo àwọn ọmọ tí ò sẹ́ni tó bá wọn wí. Ẹ̀kọ́ òyìnbó òde òní lèyí jọ lójú tèmi.

Akàwé_Yábà

Alàgbà, ẹsẹ náà le lóòótọ́. Òwe 3:12 ló ń fà yọ. Ẹ ṣí i nínú Bíbélì Yorùbá yín, ẹ ò ní rí "nà" níbẹ̀: "gẹ́gẹ́ bí baba ti í tọ́ ọmọ tí inú rẹ̀ dùn sí" ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà Hébérù tí a kà sí "bí baba" ṣeé kà sí "ó mú ìrora bá a", bẹ́ẹ̀ sì làwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì ṣe kà á. Ti Gíríìkì ni ìwé Hébérù ń lò. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí ló kọ ọ́ sí, kò kọ́ òbí bó ṣe máa na ọmọ.

Ti òyìnbó yẹn, ẹ dúró ná. Jòhánù Chrysostom, bíṣọ́ọ̀bù Kọnsitantínópù tó kú ní 407, ti kọ̀wé sí àwọn òbí pé kí wọ́n má sọ ọmọ di ẹni tí pàṣán ti mọ́ lára: kó máa bẹ̀rù ẹgba, kó má jẹ ẹ́. (Ó ṣì fi ìbẹ̀rù sílẹ̀, mi ò ní fi bò.) Ní ọ̀rúndún kọkànlá, olórí ilé mọ́ńkì kan ráhùn fún Anselm, mọ́ńkì tó gbajúmọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn, pé àwọn ń na àwọn ọmọkùnrin ọ̀dọ̀ wọn tọ̀sán tòru, wọn ò yé burú sí i. Anselm bi í pé: tó o bá gbin igi, tó o sé e mọ́ yí ká tí ẹ̀ka rẹ̀ ò ráyè nà, irú igi wo lo máa bá níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan? Ẹni tó ní kí ọmọ ti mọ̀bẹ̀rù pàṣán bó bá ti pé ọdún kan, òyìnbó lòun náà: Susanna Wesley, nínú lẹ́tà tó kọ ní 1732 sí ọmọ rẹ̀ John, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀.

Àǹtí_Ìjọ_Ọmọdé

Ó yá, ti ọwọ́ ṣíṣe kàn.

Oorun lẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún nílò oorun wákàtí 10 sí 13, ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá nílò 9 sí 12. Ọmọ tí wọ́n jí ní aago márùn-ún kí bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó dé, tó sùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, wákàtí méje péré ló rí. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní orí kunkun lọ́jọ́ Jímọ̀, gbèsè oorun ni ìdajì rẹ̀. Ebi ló tẹ̀ lé e. Ẹ má gbé ọmọ ọdún mẹ́rin lọ sọ́jà Tejúoṣó láìfún un lóúnjẹ.

Tí inú bá ń bí ọmọ ọdún mẹ́rin, tó ń ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba. Ẹ sọ gbólóhùn kan tí kò gùn: "Inú ń bí ẹ. Kò sí súìtì lónìí." Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn náà. Ibi tí òbí ti ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nìyí, torí àlàyé ni wọ́n ń ṣe, etí ọmọ sì ti di. Tó bá fẹ́ lu ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹ di ọwọ́ náà mú jẹ́jẹ́: "Mi ò ní jẹ́ kó o lù ú." Ẹ dúró tì í títí èémí rẹ̀ á fi rọlẹ̀, bó bá gba ogún ìṣẹ́jú, ẹ fún un. Ìgbà yẹn lẹ́kọ̀ọ́ tó lè wọlé. Ẹ má yí "rárá" yẹn padà. Bẹ́ ẹ bá fún un ní súìtì náà nígbà tí ariwo pọ̀, ẹ ti kọ́ ọ níye ariwo tó tó.

Ọmọ ọdún méje ńkọ́? Ká ní ₦500 kúrò lórí tábìlì, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé òun ni. Ẹ má béèrè "ta ló mú un?" Ẹ ń kọ́ ọ nírọ́ pípa nìyẹn. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀: "Mo mọ̀ pé ìwọ lo mú owó yẹn. Báwo lo ṣe máa dá a padà?" Tó bá ń gba ₦200 lọ́sẹ̀, kó máa yọ ₦100 lọ́jọ́ Sátidé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa gbàgbé ìdí rẹ̀. Àtúnṣe nìyẹn, kì í ṣe ìyà, torí pé ó bá ohun tó bàjẹ́ mu: ẹni tó da omi á nù ún, ẹni tó ya ìwé á lẹ̀ ẹ́. Sákéù nìyẹn, ní Lúùkù 19. Jésù ti wọ̀ sílé rẹ̀ kó tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun á san án ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí onígbàgbọ́ ti ń ṣì í ṣe rèé: wọ́n á gbé pàṣán sílẹ̀, wọ́n á gbé ahọ́n. "Olódo", "o jọ àwọn ara ilé bàbá ẹ". Tàbí kí wọ́n yan ọmọ lódì fún ọjọ́ méjì. Èyí tó burú jù ni "Jésù ò fẹ́ràn ọmọ burúkú". Irọ́ ni, ọmọ á sì gbà á gbọ́.

Ó máa le sí i ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ kó tó rọ̀. Ọmọ ń dán yín wò ni.

Bàbá_Bàrígà

Ẹ ṣé gan-an, mà. Màmá ńkọ́? "Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra" ni wọ́n máa ń pa fún wa.

Àǹtí_Ìjọ_Ọmọdé

Ẹ má sọ fún Màmá pé wọ́n ṣì yín tọ́ o! Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ ò sí níbẹ̀, ẹ sì yan iṣẹ́ fún wọn: "Màmá, tó bá ṣe nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, ojú nìkan ni kẹ́ ẹ fi bá a wí, kẹ́ ẹ pè wá." Àwọn ìyá wa mọ ojú lò ju gbogbo wa lọ, ojú kan ṣoṣo láàárín àlejò lọmọ ti máa ń mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ gba bísíkíìtì yẹn. Ọwọ́ òsì inú òwe yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fún wọn.

Ní ti ilé ìwé, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà kí táàmù tó bẹ̀rẹ̀, pé ẹ ò fọwọ́ sí nínà, kí wọ́n pè yín tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà méjì tí wọ́n lè pè síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì dárúkọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan tí wọ́n buwọ́ lù.