Ìdàpọ̀, ìkẹ́gbẹ́ àti àjọni: èsì sí àbá ẹ̀gbọ́n wa

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n kọ̀wé lọ́jọ́ Ajé dábàá pé kí a yọ “ìdàpọ̀”, tí a fi túmọ̀ koinonia, ọ̀rọ̀ Gíríìkì inú Májẹ̀mú Tuntun, kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, kí a sì fi “ìkẹ́gbẹ́” rọ́pò rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bí a bá ní kí ọmọ ìwòyí wá sí ìdàpọ̀, yanrìn àti símẹ́ńtì ni yóò sọ sí i lọ́kàn, tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tí wọ́n di ọ̀kan, àti pé “fẹ́lóṣíìpù” ni àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ń pè é. Mo ka àbá náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ọ̀wọ̀ sọ pé n kò lè gbè sẹ́yìn rẹ̀.

Ìkẹ́gbẹ́ kò tó ohun tí a fẹ́ gbé rù ú. Ẹgbẹ́ ẹni ni ẹni tí a jọ dọ́gba. Ẹgbẹ́ ẹja lẹja ń wẹ̀ tọ̀, ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ yóò san owó ẹgbẹ́, yóò ra aṣọ ẹgbẹ́, bí ó bá sì pẹ́ dé ìpàdé, yóò san owó ìtanràn. Èyí dára ní àyè tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wa gan-an kún fún ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí Fílémónì. Ẹrú tí ó ti kúrò nílé ọ̀gá rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń dá padà, tí ó sì ń bẹ ọ̀gá náà pé kí ó gbà á, kì í ṣe bí ẹrú mọ́, bí kò ṣe bí arákùnrin olùfẹ́. Koinonia tí ó fa gbogbo ìjíròrò yìí wà ní ẹsẹ 6 lẹ́tà kékeré náà. Ọ̀gá àti ẹrú kì í ṣe ẹgbẹ́ láàárín Yorùbá, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ láyé àwọn ará Róòmù.

Lójú tèmi, àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì tí ó jáde lódindi ní 1884, tí Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú wọn, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n yan ìdàpọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹbu epo ni mo dàgbà sí. Bí obìnrin mẹ́ta bá ṣe epo tán, tí ìkíní da tirẹ̀ sínú àgbá, tí ìkejì da tirẹ̀ lé e, tí ìkẹta náà sì da tirẹ̀ sí i, kò sí èyí tí ó lè fi ahá bu epo jáde kí ó ní tòun nìyí. Bí dà àti pọ̀ ṣe rí nìyẹn. Símẹ́ńtì nìkan kọ́ ni ènìyàn ń dà pọ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa rí nǹkan kan. Ìdàpọ̀ kò ta wá lára mọ́ bí ó ti yẹ, mo sì rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:42, a ka “ìdàpọ̀”. Nínú Róòmù 12:13, a ní kí a pèsè fún àìní àwọn ènìyàn mímọ́. Nínú Hébérù 13:16, a ní kí a má ṣe gbàgbé láti máa pínfúnni. Gbòǹgbò Gíríìkì kan náà ni ó wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìtumọ̀ náà kò burú, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan já gaara, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ka Yorùbá nìkan kò lè mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ìdàpọ̀ ṣe bọ́ sọ́dọ̀ ìpàdé àti àdúrà, tí àpò ìrẹsì tí a gbé fún opó sì bọ́ sọ́dọ̀ ìtọrẹ àánú. Ti fẹ́lóṣíìpù tilẹ̀ tún há ju ìyẹn lọ: “A ní fẹ́lóṣíìpù láago mẹ́fà.” Ó ti di wákàtí lára aago.

Nítorí náà, àbá tèmi ni “àjọni”. Koinos, tí koinonia ti jáde wá, ni ohun tí gbogbo wa jọ ní. N kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan: a ti ń sọ pé ilẹ̀ àjọni, kànga àjọni, ó sì bá àjọbí, àjọjẹ àti àjọgbé jókòó pọ̀. Kí ìdàpọ̀ dúró nínú Bíbélì àti nínú oore-ọ̀fẹ́ tí a fi ń túká, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ pé “àjọni ti Ẹ̀mí Mímọ́” tí etí yóò gbà á. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ẹ̀kọ́, àjọni ni kí a fi máa ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹnìkan tún béèrè bóyá “ìfẹ́ ará” kò ti gbòòrò jù, nítorí ará ilé ni ará, ará oko náà ni ará. Adelphos, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà nídìí “ará” yìí, túmọ̀ sí ẹni tí a jọ ti inú kan náà jáde, ìyẹn ọmọ ìyá. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú agbo ilé olórogún mọ ohun tí ó wà láàárín ọmọ ìyá àti ọbàkan. Ọ̀dọ̀ Baba kan náà ni àwọn onígbàgbọ́ ti di ọmọ, Bíbélì sì ní kí wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí ẹni tí ó ti inú ìyá kan wá. Ará dùn, ó gba ọkùnrin àti obìnrin láìṣe àlàyé, n kò ní yọ ọ́. Kí olùkọ́ ṣáà máa sọ ti ọmọ ìyá mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo ka Ìṣe 2:44 fún kíláàsì àwọn ìyá àgbà, mo sì sọ ọ́ báyìí: “Gbogbo ohun ìní wọn di àjọni.” Ìyá kan tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹsẹ náà láti kékeré yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Tíṣà, títí kan ilẹ̀?” Mo ní kí a ṣí orí 4, ẹsẹ 34, níbi tí àwọn tí ó ní ilẹ̀ àti ilé ti ń tà wọ́n, tí wọ́n sì ń kó owó rẹ̀ wá. Láti ìgbà tí mo ti ń fi ìdàpọ̀ nìkan kọ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.