Ta ló lè gbà mí nímọ̀ràn lórí title company tó ń fi nǹkan falẹ̀ ní Houston?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A fẹ́ ra ilé, báǹkì ti gbà láti yá wa lówó, ṣùgbọ́n title company, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń wádìí bóyá ilé náà ní gbèsè tàbí ẹjọ́ lórí, ń sún ọjọ́ closing, ọjọ́ tí a máa fọwọ́ sí ìwé gba ilé, síwájú ṣáá. Tí mo bá pè wọ́n, "à ń ṣe é lọ́wọ́" náà ni. Rate lock wa, àdéhùn tí báǹkì fi di iye èlé wa mú, sì ti fẹ́ parí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ẹ má bi wọ́n pé ìgbà wo mọ́, ohun tó kù gan-an ni kí ẹ bi wọ́n. Ẹ wo Schedule C nínú title commitment yín, ìwé tí title company máa ń fún yín ṣáájú closing. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ yanjú sí: gbèsè owó orí, ìdájọ́ kóòtù, ọ̀rọ̀ ajogún tó bá jẹ́ ilé olóògbé. Nínú tiwa, gbèsè ẹlòmíì tí orúkọ rẹ̀ bá ti ọkọ mi mu ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹnì kankan ò sì sọ fún wa. Orúkọ àwa Yorùbá kúkú ń jọra. Ìwé ìbúra pé òun kọ́ ni, tó fọwọ́ sí níwájú notary, ló tán ọ̀rọ̀ náà.

Alágbàtà Katy
Òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà míì, báǹkì ẹni tó ń tà ló ń dá wọn dúró. Òfin fún báǹkì ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 láti fi payoff, ìwé tó sọ iye gbèsè ilé tó kù, ránṣẹ́. Ẹ ní kí agent yín rọ ẹni tó ń tà kó pe báǹkì ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí amendment, ìwé tó yí ọjọ́ closing padà, kí ọjọ́ tó kọjá, àdéhùn ẹnu ò tó o! Kí báǹkì tiyín náà kọ iye tí wọ́n máa gbà láti fa rate lock gùn sílẹ̀ fún yín.

Tọ́lá D.
Ṣé wọn ò lè kó iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ míì ni?

Alágbàtà Katy
Ó ti pẹ́ jù. Àwọn yẹn á tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí látilẹ̀. Owó rẹ̀ náà ò sì ní dín, torí ìjọba Texas ló ń dá iye premium, owó title insurance.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wò ó: owó orí ilé tí ẹni tó ń tà jẹ ló wà níbẹ̀! Agent wa ti ń pè é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ìyẹn rọrùn, wọ́n lè yọ ọ́ nínú owó tó máa gbà lọ́jọ́ closing. Ma, tí ímeèlì bá dé pé àkáǹtì tí ẹ máa sanwó sí ti yí padà, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Nọ́ńbà tí ẹ ti ń fi pè wọ́n tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pè.