Ta ló yẹ kó pinnu bí a ó ṣe polówó géèmù wa?

Ọmọ Adó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe géèmù fóònù kan ní Adó-Èkìtì. Ilé-iṣẹ́ kan ti ṣèlérí owó tí a ó fi parí rẹ̀, wọn yóò sì bá wa gbé e jáde, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn wọn sọ pé àwọn nìkan ni yóò yan orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí yóò jáde àti iye tí wọn yóò ná sórí ìpolówó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí a fọwọ́ sí i, pé ọjà tó dára kì í kùtà. Ọkàn tèmi kò balẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni ìpolówó lè ba ti àwọn tó ṣe géèmù jẹ́?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ọjà tó dára máa ń kùtà, ẹ̀gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ Respawn ló ṣe géèmù Titanfall 2, ilé-iṣẹ́ Electronic Arts sì gbé e jáde ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí wọ́n gbé Battlefield 1, tí í ṣe tiwọn náà, jáde. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mìíràn yóò fi pé, Call of Duty tuntun ti dé. Géèmù ìbọn mẹ́ta ń du owó àwọn oníbàárà kan náà. Gbogbo ayé yin Titanfall 2, síbẹ̀ kò tà tó bí wọ́n ṣe retí, Electronic Arts sì ra Respawn ní ọdún 2017. Respawn yìí kan náà ló gbé géèmù Apex Legends jáde ní oṣù Kejì ọdún 2019 láìkéde rẹ̀ ṣáájú, tí ènìyàn mílíọ̀nù 25 sì gbá a láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì sanwó fún àwọn gbajúmọ̀ láti gbá a lójú ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ọ̀yẹ́:
Ọ̀rọ̀ orúkọ ló ká mi lára jù. Ilé-iṣẹ́ Arkane Austin ṣe géèmù kan tó dára gan-an ní ọdún 2017, Bethesda tó gbé e jáde sì ní kí wọ́n pè é ní Prey, orúkọ géèmù ọdún 2006 tí ìtàn rẹ̀ kò bá tiwọn tan rárá. Raphael Colantonio tó dá Arkane sílẹ̀ ti sọ ní gbangba pé òun kò fẹ́ orúkọ náà. Microsoft, tó ti ra Bethesda, ti Arkane Austin pa ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. N kò ní sọ pé orúkọ ló fà á, nítorí Redfall tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 kò dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni wọ́n kéde pé àwọn yóò ti ilé-iṣẹ́ Tango Gameworks pa, èyí tí gbogbo ènìyàn yin géèmù Hi-Fi Rush rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ Krafton tó wá gbà á.

Ọmọ Ìjerò:
Àbúrò mi, ẹ wo ibi tí owó wà nínú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó tí wọ́n yá yín àti owó ìpolówó kúrò nínú ohun tó bá wọlé, kí ẹ tó gba kọ́bọ̀. Bí àwọn nìkan bá ń pinnu iye tí wọn yóò ná, wọ́n lè ná an lọ́nà tí kò mú oníbàárà kankan wá, kí gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tí wọn yóò ná; kí orúkọ àti ọjọ́ má ṣe yí láìsí ìfọwọ́sí yín; bí wọn kò bá sì gbé e jáde láàárín àkókò tí ẹ dá, kí ó padà di tiyín. Ẹ gbé e fún lọ́yà ní Adó kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Títí di ìgbà náà, ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ní géèmù náà kí wọ́n gbá a, kí ẹ sì kọ iye àwọn tó padà wá gbá a ní ọjọ́ kejì sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn ni kí ẹ gbé síwájú ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà.